Ibà Ọjọ́ Kan àti Àrùn Tí A Kò Rí Mọ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọmọdé

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọjà àti oko sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tí mo ń wò lẹ́yìn lọ́hùn-ún tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ forí jì mí. Ẹni tí ó bá fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kì í tètè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́.

“Àǹfààní Abẹ́rẹ́ Àjẹsára” ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè mí. Mo bẹ alága pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ó di àǹfààní àti ewu. Ojú wọn kọ́kọ́ yí padà díẹ̀. Wọ́n ní, “Màmá, ṣé ẹ kò ní dẹ́rù ba àwọn èèyàn báyìí?” Mo ní rárá. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba òbí ni ewu tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, tí òun fúnra rẹ̀ wá bá pàdé ní aago méjì òru.

Irọ́ tí mo pa fún ìyá kan

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Nígbà tí iṣẹ́ mi ṣì kéré, mo wà ní ilé ìtọ́jú kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn ìyá kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ti kọ orin tí a máa ń kọ fún wọn tán, oòrùn sì ti ń mú. Ìyá kan gbé àkọ́bí rẹ̀ wá, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo ṣe ń fi òwú nu itan ọmọ náà, ó bi mí pé, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní ṣe é ní nǹkan kan?” Ọmọ bíi ogójì ni ó ṣì ń dúró dè mí. N kò gbé ojú sókè tí mo fi dá a lóhùn pé, “Kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ẹni tí ó kàn!”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ara ọmọ gbóná, itan rẹ̀ wú, ó le, ó sì pọ́n, kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìyá ọkọ gbé omi gbígbóná, ó ń fi aṣọ jó o, igbe ọmọ sì ń pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó fojú kan oorun nínú ilé náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì ibà lọ, itan náà sì rọlẹ̀, bí ó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ìgbà tí mo pàdé rẹ̀ ní ìsọ̀ elẹ́lùbọ́, kò bú mi. Ó kí mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Màmá wa ní bí ẹ bá lè purọ́ nítorí ibà, àwọn kò mọ ohun mìíràn tí ẹ tún ń fi pamọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo fẹ́ wí? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán ni òtítọ́ ti bá a.

Ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún un

Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà tí a ń gún sí itan, tí ó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ọmọ gbóná. Apá tí ó ń dènà ikọ́ àwúbì nínú rẹ̀ ni ó sábà ń fa ibà náà. Ó yẹ kí n ti sọ pé ibẹ̀ lè wú fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pé ọmú ni kí ó máa fún ọmọ léraléra, pé kí ó bi wá léèrè ìwọ̀n oògùn ibà tí ó bá ọmọ rẹ̀ mu, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi gbígbóná, òrí tàbí àdí sí i.

Bákan náà ni abẹ́rẹ́ apá òsì tí ọmọ ń gbà nígbà tí a bá bí i, èyí tí ó wà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ọjọ́ tí a gún un, kò sí ohun tí ẹ ó rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ẹ ti gbàgbé, nǹkan á yọ níbẹ̀ bí eéwo kékeré, á tú, á ṣe omi, á gbẹ, á sì fi àpá sílẹ̀. Mélòó ni ìyá tí mo ti bá tí ó ń fún un, tí ó ń fi ata àti àlùbọ́sà lọ̀ ọ́? Ẹ fi í sílẹ̀, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ti èèyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles, tún yàtọ̀: ibà tirẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó dé, ó sì lè bá èèyi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ gan-an. Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa gìrì. Bẹ́ẹ̀ ni, ibà tí abẹ́rẹ́ èèyi ń fà lè mú kí gìrì gbé ọmọ. Nínú bí ọmọ 3,000 tí ó gbà á, ọ̀kan ni èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bani púpọ̀, ṣùgbọ́n irú gìrì ibà báyìí kì í sábà ṣe ọpọlọ ọmọ ní ohunkóhun. Ohun tí ó ń ba ọmọ jẹ́ ni ìtọ̀ màlúù tí a ń dà sí i lẹ́nu, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a ń tì bọ iná. Mo ti gbé ọmọ tí iná jó ní àtẹ́lẹsẹ̀ rí, n kò fẹ́ gbé irú rẹ̀ mọ́.

Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo wọn ni pé kí ara ọmọ kọ abẹ́rẹ́ lójijì, kí ó máa mí gúlegúle, kí ojú rẹ̀ wú. Nínú mílíọ̀nù kan abẹ́rẹ́ tí a gún, bí ẹyọ kan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí oògùn tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ ṣì wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó máa lọ, kì í ṣe pé a fẹ́ fi yín ṣeré.

Ẹ̀gbẹ́ kejì òṣùwọ̀n

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n alápá méjì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò sọ́kàn. A ti to ohun tí ó wà ní apá kan: ibà, itan wíwú, eéwo kékeré, gìrì ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ó ṣọ̀wọ́n bí ojú ẹja lọ́jà ẹran. Kí ni ó wà ní apá kejì? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé ojú wa ni a fi ń wọn nǹkan, ojú wa kò sì rí apá kejì yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni ó ti rí ọmọ tuntun tí ipá, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní tetanus, mú rí nínú yín? Ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Ẹ wò ó, gbogbo ọwọ́ tí ó wà lókè, ọwọ́ tí ó ti ní hunjọ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí rí, kí wọ́n má bàa ní láti sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n bí ọmọ náà láyọ̀, ó ké, ó mu ọmú dáadáa. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò ìsọmọlórúkọ, ẹnu rẹ̀ kò ṣí fún ọmú mọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ti di. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á na, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ilẹ̀kùn gbà-à, gbogbo ara rẹ̀ á tún le lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Láti ara abẹ tí a fi gé ìwọ́ tàbí ohun tí a fi sí ojú ìwọ́ ni kòkòrò àrùn náà gbà wọlé. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún aláboyún, tí àwọn kan nínú yín ń sá fún, ìyẹn gan-an ni ó ń gba inú ìyá dé ara ọmọ láti dènà rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti èèyi, nítorí ilẹ̀ wa níhìn-ín ní ìtàn tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà nìkan. Ó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fa ilà ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Wọn kò kó káàdì yìí pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ara wọn, ìyá ọmọ ni ó ń gbé e lọ sílé nínú ọ̀rá. Àwọn kan rò pé ìyá tí kò kàwé yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bí àwọn ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú fáìlì lọ. Irú káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé káàdì ọmọ yín wá lónìí, ẹ mọ̀ pé Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú ìran rẹ̀.

Ohun tí Morley rí níbẹ̀ ni pé èèyi, tí àwọn dókítà ìlú òyìnbó kà sí àìsàn tí ọmọ ń ṣe kọjá, jẹ́ apani ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó, bí èèyi bá kì í mọ́lẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, àìsàn àyà á tẹ̀ lé ìgbẹ́ gbuuru, ẹlòmíràn á sì fọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí abẹ́rẹ́ èèyi ṣì jẹ́ tuntun ní gbogbo ayé, wọ́n dán an wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Abẹ́rẹ́ ìgbà yẹn sì ń fa ibà gidi, ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn onímọ̀ tún un ṣe títí ó fi rọ̀. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé mọ ibà yìí, wọ́n rí i lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí èèyi náà. Ojú wọn rí apá méjèèjì òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn sì pé.

Èyí ni ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ ti òde òní. Abẹ́rẹ́ ti lé àrùn náà jìnnà débi pé ibà abẹ́rẹ́ ni ó kù tí ojú ń rí. Bí àrùn bá sì ti kúrò ní ìta, a ó ní kí ni a ń gún abẹ́rẹ́ sí? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èèyi kò kú. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá ní in lè kó o ran ẹni 12 sí 18 níbi tí kò bá sí ẹni tí ó gba àjẹsára. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, ọmọ 31 péré nínú 100 tí ó ti pé ọdún kan, tí kò tíì pé méjì, ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà.

Òṣùwọ̀n máa ń yí

Mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, nítorí pé àwa oníṣẹ́ ìlera kì í sábà sọ ọ́ fún yín. Ìwọ̀n ewu àti àǹfààní kì í dúró sójú kan.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣí apá aṣọ yín díẹ̀. Àpá kan wà lókè apá àwọn tí a bí kí àwọn ọdún 1970 tó lọ tán. Bíbupá ni àwọn bàbá wa ń pè é, abẹ́rẹ́ ìgbóná ni. Àrùn yẹn ni a kì í dárúkọ ní ọ̀sán gangan. “Olóde” ni wọ́n ń pè é, tàbí “Ilẹ̀gbóná”. Ní ọdún 1970 ni a rí i gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní 1977, ní Sòmálíà, ni ẹni ìkẹyìn lágbàáyé tí ó kó o láàárín ìlú ní in, ní 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ta ni ó ń gún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìgbóná lónìí? Kò sí. Kí ló dé? Nítorí pé abẹ́rẹ́ náà ní ewu tirẹ̀: nínú mílíọ̀nù kan tí ó kọ́kọ́ gbà á, bí ẹnì kan lè bá a lọ. Nígbà tí ìgbóná ń pa èèyàn, ta ni yóò ka ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù sí? Ṣùgbọ́n bí àrùn náà ṣe ń lọ, ẹyọ kan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí wúwo. Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró fún àwọn ọmọ wọn ní 1971, Amẹ́ríkà ní 1972. Àwọn tí ó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jù lọ ni wọ́n dá a dúró, nítorí pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ náà nìyẹn. Oògùn tí a ń kán sẹ́nu ọmọ, kòkòrò àrùn tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó ń fa àrùn náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irọ́ ni. Nínú mílíọ̀nù kan ọmọ tí a bí, bíi 2 sí 4 ni èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí àrùn gidi náà bá wọ ara ọmọ 200, ọ̀kan nínú wọn ni ó ń rọ ní apá tàbí ẹsẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé mílíọ̀nù kan: 5,000 ọmọ. Mẹ́rin ní apá kan òṣùwọ̀n, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ní apá kejì. Nígbà tí àrùn náà kò sí ní Amẹ́ríkà mọ́, tí oògùn ìkánsẹ́nu nìkan ni ó ń rọ ọmọ bíi mẹ́jọ lọ́dọọdún, wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n di abẹ́rẹ́ mú. Àwa ṣì ń lo méjèèjì. Ẹ tún mọ̀ pé kòkòrò inú oògùn náà lè máa gba ara ọmọ kan bọ́ sí ti òmíràn níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, kí ó tún lágbára padà lójú ọ̀nà. Ibi tí gbogbo ọmọ bá ti gbà á, kò rí ibi tí yóò gbà.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí

N kò lè sọ̀rọ̀ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kí n má dárúkọ Kánò. Ní 1996, nígbà tí yírunyírun, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní meningitis, ń pa ọmọdé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer wá ṣe ìdánwò oògùn Trovan lára ọmọ bíi 200, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú, àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara, àwọn òbí sì ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n ń fi ọmọ àwọn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ní 2009 ni ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò. Trovan kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí a sọ ní 2003 pé oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, etí tí ó ti gbọ́ ti 1996 ni ó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àgàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Kánò dá oògùn náà dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Ìgbà tí wọ́n gbà láti tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004, èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ni wọ́n ní àwọn fọkàn tán. Kí ó tó di ìgbà náà, kòkòrò àrùn láti Nàìjíríà ti jáde ní ilé. Ó gba Sudan kọjá, ní 2005 ó dé Yemen, ó sì dé Indonesia fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ó di ọjọ́ 25 oṣù Ògún 2020 kí a tó kéde pé àrùn náà bí ó ṣe wà látilẹ̀wá ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń bójú tó. N kò dá àwọn òbí Kánò lẹ́bi. Mo mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ti purọ́ fún ìyá lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ èèyi ń fa autism, ìyẹn ipò tí ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà lọ́nà tí ó yàtọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1998 ni dókítà kan, Andrew Wakefield, kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ọmọ 12 péré. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fà á padà ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn dókítà. Ní Denmark, wọ́n wo ọmọ tí ó ju 650,000 lọ, wọn kò rí i.

Kòkòrò búburú tí aládùúgbò ń jẹ

Bàbá kan bi mí lánàá pé, “Bí ọmọ tèmi kò bá gbà á, kí ni ó kan ẹlòmíràn?” Yorùbá ti dá bàbá náà lóhùn: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ń tó kí ó tó gba abẹ́rẹ́ èèyi àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, oṣù 15 ni èkejì. Kí ọmọ oṣù márùn-ún tí ó wà lẹ́yìn ìyá yẹn tó dàgbà tó, àwọn ọmọ yòókù tí ó yí i ká ni àjẹsára rẹ̀. Ọmọ mìíràn sì wà tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè gba irú abẹ́rẹ́ kan rárá. Ti ipá nìkan ni kò rí báyìí, nítorí pé inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Aládùúgbò kò lè gbà á fún ọ.

Ohun kan kù. Bí wọ́n bá gbé ìgò oògùn jáde láti inú kúlà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wò ó. Òrùka kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìgò náà, àmì onígun mẹ́rin sì wà ní àárín rẹ̀. Bí àárín yẹn bá mọ́lẹ̀ ju òrùka lọ, oògùn náà dára ní ti ooru. Bí ó bá ti dúdú bí òrùka tàbí jù ú lọ, ooru ti bà á jẹ́, kí wọ́n jù ú nù. Ẹ tún wo ọjọ́ tí oògùn náà kò ní ṣeé lò mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń bínú nítorí pé ẹ wò ó, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ wò ó.

Ìyá ìsọ̀ elẹ́lùbọ́ yẹn, mo lọ sí ilé rẹ̀ nígbà tí ó yá. Ìyá ọkọ ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo purọ́ fún ìyàwó yín.” Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí n wá sọ òtítọ́ rẹ̀ fún àwọn. Ó tó wákàtí kan tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà. Ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ni wọ́n pọn ọmọ náà wá.

Mo ti ń wo ìyá kan tí ó wọ ìró aláwọ̀ omi aró lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ gìrì ni wọ́n ti ń na ọwọ́, tí wọ́n ń mú un wálẹ̀. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn. Àkókò wà, n kò ní ẹni kankan lórí ìlà.